Mirvali àti Ilé Tíì Tí Gbogbo Ayé Fẹ́ Wò

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣe Mirvali fún yín, kí ẹ má baà rò pé a kàn kórìíra rẹ̀ ni. Kì í ṣe olè. Kì í ṣe ọ̀mùtí. Ìyàwó rẹ̀ kò sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ẹnikẹ́ni rí pé ó ń lé obìnrin kiri. Ẹnu ni ìṣòro rẹ̀. Ẹnu Mirvali kò ní ìjánu rárá.

Àwòrán ló ń yà. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ibi tí èmi, Latif onígbàjámọ̀, ti ń gẹrun ní àdúgbò Kulolon níhìn-ín ní Bukhara. Ògiri náà sì fẹ́lẹ́, nítorí náà kò sí ìfọ́nnu rẹ̀ kan tí kò kọjá létí mi. Fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. "Gbé àgbọ̀n sókè. Má rẹ́rìn-ín. Ó tán." Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ìyàwó tuntun kan ti dákú nígbà tó rí bí òun ṣe rẹwà tó nínú fọ́tò Mirvali. Mínísítà kan ti bẹ̀ ẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ẹṣin kan tó yà ní Gijduvan ti yí ẹ̀gbẹ́ tó dára sí i fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a sọ̀rọ̀.

Gbogbo wa la máa ń gbọ́, a sì máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í gbọ́, kì í sì í rẹ́rìn-ín, ẹni náà sì ni Mirvali ń torí rẹ̀ fọ́nnu: Bàbá Hamro, olórí àdúgbò wa, tí í ṣe bàbá ìyàwó rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí Mirvali ti fẹ́ Manzura, bàbá yìí kò pe orúkọ rẹ̀ rí. "Ẹni yẹn" ló ń pè é. "Manzura, ṣé ẹni yẹn ti jẹun?" "Ẹ sọ fún ẹni yẹn kó gbé tíì wá." Àwọn àna rẹ̀ yòókù ní orúkọ. Ọ̀kan ń wa ọkọ̀ ojú irin, èkejì ń ta kápẹ́ẹ̀tì, tí àlejò bá sì dé sí ilé tíì, bàbá á nawọ́ sí wọn, á ní, "Ọkọ ọmọ mi nìyí." Á wá nawọ́ kọjá Mirvali, á mú búrẹ́dì. Mirvali sọ fún mi lọ́jọ́ kan tí mo ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ pé tí òun bá lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu bàbá lẹ́ẹ̀kan péré, níwájú àlejò, òun ò tún ní fọ́nnu mọ́ láyé. Mi ò gba ti fífọ́nnu yẹn gbọ́. Ṣùgbọ́n ti ọ̀rọ̀ bàbá yẹn dùn mí fún un.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, àwọn kan kéde pé àwọn fẹ́ ṣe àfihàn àwòrán ní Tashkent, olú ìlú wa: ilé àtijọ́ ní ìgbà ìrúwé. Ẹni tí wọ́n bá mú tirẹ̀, wọ́n á gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn ńlá, wọ́n á sì kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Mirvali ní ilé tíì àdúgbò wa lòun máa yà. Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ kàn lóòótọ́. Àwọn òpó onígi tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ti dúdú, ọnà tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ sí wọn lára ti ń parẹ́ lọ. Amọ̀ ara ògiri rẹ̀ ti sán káàkiri. Igi eléso arúgbó kan, tí à ń pè ní úrìkì, fara tì í, ó gbé ẹ̀ka lé òrùlé, adágún omi sì wà níwájú. Tí igi yẹn bá yọ òdòdó rẹ̀ sórí ògiri gbígbó yẹn, èmi tí mi ò mọ nǹkan kan nípa àwòrán máa ń gbé abẹ sílẹ̀, màá jáde lọ wò ó, oníbàárà mi á sì jókòó pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́nu.

Mirvali kò lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pa mọ́ sínú. Ó wá sí ilé tíì lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, gbogbo àwọn àgbà jókòó, òun nìkan dìde dúró.

"Ẹ̀yin àgbà, ní Ọjọ́bọ̀ tí òdòdó bá ti pé, mo fẹ́ ya ilé yìí. Gbogbo ayé ló máa rí i."

Bàbá Hamro ti ki búrẹ́dì bọ tíì. Ó dúró. "Gbogbo ayé?"

Gbogbo wa yíjú. Mirvali gan-an ni bàbá ń bá sọ̀rọ̀, tààrà, ojú sí ojú.

"Gbogbo ayé, Bàbá. Tashkent la ti máa bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, Faransé, Japan, Amẹ́ríkà."

"Wọ́n á rí ògiri yìí?"

"Pẹ̀lú kámẹ́rà tèmi? Kò sí ibi tó sán tí wọn ò ní rí, Bàbá. Gbogbo ibi tó bó, gbogbo ihò, gbogbo ibi tí ikán ti jẹ lára òpó, màá gbé e síta kedere."

Mirvali rò pé òun ń yin ilé. Àmọ́ bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé àlejò ń bọ̀ wá yẹ àwọ̀tẹ́lẹ̀ òun wò ni Bàbá Hamro ṣe gbọ́ ọ. Búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ já sínú ife, kò yọ ọ́.

"Ọjọ́bọ̀," ló wí. "Ó dáa."

Mirvali fẹ́rẹ̀ẹ́ jó dé ṣọ́ọ̀bù mi. "Ẹ̀gbọ́n Latif, ṣé ẹ gbọ́? Ó ní ó dáa. Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀ o." Lọ́jọ́ kejì ló wọkọ̀ lọ sí Samarkand, ó fẹ́ lọ yá ojú kámẹ́rà kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní èyí tí òun ní kéré sí iyì ilé náà. Ì bá má lọ.

Bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ń kúrò báyìí ni Bàbá Hamro pe gbogbo àdúgbò jọ. "Ayé ń bọ̀ wá wò wá," ló sọ fún wa. "Ṣé báyìí ni wọ́n máa bá wa?" Ojú ti gbogbo wa. Navruz, ọdún ìgbà ìrúwé wa, sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìgbà tí gbogbo ènìyàn máa ń jáde fún ọ̀wẹ̀, tí àwa ń pè ní hashar, tí a ń kó gọ́tà, tí a ń gbá ìgboro, tí a ń fi ẹfun kun ìdí igi. Bàbá ní ọ̀wẹ̀ tọdún yìí, ilé tíì ni, torí iṣẹ́ Mirvali. Èmi náà gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹfun. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi tẹ Mirvali láago. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, á ti mọ̀ kó tó dé, mi ò sì ní rí ojú rẹ̀ nígbà tó bá kọ́kọ́ rí i.

Mo sì rí i. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló dé, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì kan tó jẹ́ àpò látòkè délẹ̀, ojú kámẹ́rà tó yá tóbi tó kẹ́tùlù. Ó ya igun ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀. Ó dúró.

Ògiri ilé tíì funfun débi pé ó ń ro ni lójú. Àwọn òpó ti di búlúù, ọ̀dà tó ṣẹ́ kù lára ọ̀dà ilẹ̀kùn ilé Bàbá Hamro la fi kùn wọ́n, wọ́n sì ń dán. Ọnà ara wọn ti kún fún ọ̀dà, ó ti tẹ́jú. Igi úrìkì wọ ẹfun láti ìdí dé ìbàdí. Àwọn ẹ̀ka tó gùn lé òrùlé, a ti gé wọn, nítorí wọ́n ń bo ilé lójú. Ewúrẹ́ Ìyá Holbibi aládùúgbò wa dúró ti òkìtì òdòdó náà, ó ń jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹnu Mirvali là sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìyẹn nìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnu yẹn là tí ọ̀rọ̀ kò jáde. Omi lé sí i lójú.

"Ẹ wò ó," Ìyá Holbibi wí, "ó ń sunkún ayọ̀. Inú rẹ̀ ti dùn jù."

"Ta ló..." Mirvali bẹ̀rẹ̀. "Ta ló ní kí wọ́n..."

Manzura ìyàwó rẹ̀ ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó já a léèékánná ní apá. "Bàbá Dilnoza, ẹ rọra o. Bàbá mi fúnra wọn ló gun àkàbà. Wọn ò gun àkàbà torí àwọn àna wọn tó kù rí. Wọn ò gun àkàbà torí tèmi gan-an rí."

Mirvali wo òkè. Bàbá Hamro dúró lórí àkàbà lóòótọ́, ẹfun lórí fìlà, ẹfun lójú, ó di búrọ́ọ̀ṣì mú, ó ń wo ọkọ ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ń retí ìyìn.

"Ṣé ibì kan ṣì kù tó sán?" ni bàbá béèrè.

"Kò kù, Bàbá," ni Mirvali dáhùn. "Kò kù rárá."

Ẹ ò rí i pé kò sí ọ̀nà tó lè gbà. Tó bá sọ pé ilé gbígbó lòun ń wá, ó ti bú bàbá àti gbogbo àdúgbò. Tó bá sì dákẹ́, Tashkent ti lọ. Ó dákẹ́. Òórùn ẹran tó ń dín sì fẹ́ kọjá nímú rẹ̀, ó yíjú, ó rí Jura alásè tó ń da kárọ́ọ̀tì sínú agbada palov, ìrẹsì ẹlẹ́ran wa.

"Ta ló ń bọ́ wa?" ló bi mí.

"Ọ̀wẹ̀ ta ni?" lèmi náà bi í.

Ó gbàgbé pé ẹni tí wọ́n bá bẹ̀wẹ̀ fún ló ń bọ́ àwọn ọlọ́wẹ̀. Jura ti ń juwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀. "Ọ̀rẹ́, àgbò rẹ yẹn ò já wa kulẹ̀ o. Ìyàwó rẹ ló mú un wá fún wa. Ọ̀rá rẹ̀ nìkan tó."

Àgbò yẹn ni Mirvali ti ń fọ́nnu nípa rẹ̀ látìgbà òtútù pé kò sí irú rẹ̀ láti ibí dé Afganistan. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, bóyá òun ni ìfọ́nnu kan ṣoṣo tí mo lè jẹ́rìí sí. Àwo palov mi kún ju tẹnikẹ́ni lọ, mo sì tún gba àfikún.

Mirvali kò jẹun. Bí gbogbo wa ṣe tẹrí ba sínú àwo, ó yọ́ lọ sẹ́yìn ilé. Mo tẹ̀ lé e, mo mú ẹran dání. Ṣé ẹ mọ̀ pé a ò tíì dé ẹ̀yìn ilé? Ògiri ìbílẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà, amọ̀ tó ti sán, fèrèsé kékeré kan tí igi rẹ̀ ti dúdú, ẹ̀ka úrìkì kan ṣoṣo tí a kò gé sì na ọwọ́ sórí rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó. Oòrùn bọ́ sí i. Ojú Mirvali padà wálẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó gbé kámẹ́rà sójú. Mo gbàdúrà fún un nínú mi, mi ò ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọmọ mi, dúró." Ìyá Holbibi ló ń sáré bọ̀ pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì, èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò. "Dákun, má yà á. Ojú tì mí. A gbàgbé ẹ̀yìn."

"Ìyá, ẹ fi í lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé kí àwọn ará Japan wá sọ pé a kun iwájú torí ojú ayé, a wá fi ẹ̀yìn sílẹ̀? Sún díẹ̀."

Kò tilẹ̀ dúró kó sún. Ó ju ẹfun náà lu ògiri pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ó dé ara fèrèsé, ó dé ara òdòdó, ó dé ara ojú kámẹ́rà tí Mirvali yá. Mirvali fi ẹ̀wù nù ún. Ó nù ún títí, ṣùgbọ́n ojú náà kò mọ́ tán.

Nígbà tí a jẹun tán, Bàbá Hamro ní ó yá, kí ó ya àwòrán. Mirvali fi ohùn kékeré sọ pé ilé nìkan lòun fẹ́ yà, láìsí ènìyàn níwájú rẹ̀.

"Láìsí ènìyàn?" ni bàbá wí. "Ṣé o fẹ́ kí ayé rò pé a ti kú tán ni?"

Bí gbogbo àdúgbò ṣe sáré lọ múra nìyẹn. Àwọn àgbà wọ agbádá aláràbarà tí wọ́n fi ń lọ sí ìgbéyàwó. Àwọn tó ní àmì ẹ̀yẹ gbé e kọ́ àyà, àwọn tí kò ní yá ti ẹlòmíràn. Àwọn obìnrin ta kápẹ́ẹ̀tì sára àwọn òpó, ọ̀dà tí kò tíì gbẹ sì lẹ̀ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì. Jura àti àwọn àbúrò rẹ̀ gbé fíríìjì tuntun rẹ̀ wá láti ilé, wọ́n gbé e sáàárín, ó ní kí wọ́n lè mọ̀ ní Faransé pé ebi ò pa wá. Gbogbo wa tò, a gbé àgbọ̀n sókè, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, nítorí Mirvali fúnra rẹ̀ ló ti kọ́ wa pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níwájú kámẹ́rà.

Bàbá Hamro jókòó sí àárín, ó ń darí rẹ̀. "Òpó apá ọ̀tún ń kọ́? Ṣé ó wọlé?"

"Kò wọlé, Bàbá."

"Sún sẹ́yìn."

Mirvali sún sẹ́yìn.

"Fíríìjì Jura?"

"Ìdajì rẹ̀ wọlé."

"Ṣé ìdajì fíríìjì lo fẹ́ fi hàn ayé? Sún sẹ́yìn."

"Bàbá, mo ti dé etí adágún."

"Omi lásán ni. Sún sẹ́yìn."

Ẹ wo ọkùnrin náà. Láti ọdún tó ti ń wá kí bàbá yìí bá òun sọ̀rọ̀, bàbá ń bá a sọ̀rọ̀ báyìí, gbogbo àdúgbò ń gbọ́. Ṣé ó máa wá ní òun ò lọ? Ó wọ inú omi, omi tó jẹ́ pé lórí òkè ni ó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ láti ara yìnyín. Ó dé orúnkún rẹ̀. "Díẹ̀ sí i." Ó dé bẹ́líìtì rẹ̀. Gbogbo àpò jákẹ́ẹ̀tì yẹn gba omi tiwọn. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n mo ti gbé àgbọ̀n sókè, mi ò lè mira.

"Ṣé gbogbo wa ti wọlé?"

"Gbo-gbo yín ti wọlé, Bàbá," ni Mirvali wí, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ó sì yà á.

Ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí Tashkent. Ìgboyà ni àbí ìwà òmùgọ̀, mi ò mọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n pè é lórí fóònù, mo sì gbọ́ tẹnu rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. "Bẹ́ẹ̀ ni, màdámù. Rárá, màdámù, kì í ṣe ilé tuntun. Rárá, kì í ṣe ìṣílé là ń ṣe. Ó ti pẹ́ gan-an, màdámù, láti ayé bàbá ńlá wa. Fíríìjì ni. Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbọ́. Ẹ ṣeun, màdámù." Ó jáde wá bá mi, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ní wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ẹ̀rù ń bà wọ́n pé á dójú ti àwọn tó kù.

Ẹnì kan ló fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, Bàbá Hamro ni. Ẹfun tó kù lójú kámẹ́rà ti di ìkùukùu funfun kan lókè orí bàbá nínú àwòrán, bàbá sì ní ìmọ́lẹ̀ ìbùkún ni, pé irú rẹ̀ kì í hàn lórí gbogbo ènìyàn. Ó ní kí wọ́n sọ ọ́ di ńlá. Ó gbé e kọ́ sínú ilé tíì, ó sì yí ibi tó ń jókòó padà kó lè máa jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ara Mirvali tún yá gágá. Ojoojúmọ́ ló ń wá sí ilé tíì, ó ń dé fìlà gẹ̀, ó ń bu tíì fún àwọn àgbà, ó ń dúró de àlejò kan tó máa béèrè.

Àlejò dé. Àwọn àgbà àdúgbò kejì ni, wọ́n wá kí wa kú ọdún Navruz. Wọ́n wo àwòrán náà títí. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn fi ọwọ́ kan férémù rẹ̀.

"Hamro, èyí mà dáa o. Ta ló yà á?"

Mirvali gbé kẹ́tùlù sílẹ̀. Ó wúkọ́. Mo rí i tó ń fa ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀ kó tẹ́, Manzura náà sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mira.

Bàbá Hamro mu tíì díẹ̀. "Ọ̀gá ńlá kan ni," ló wí, "láti Tashkent. A bẹ̀ ẹ́ gan-an kó tó gbà láti wá."

"Ó hàn," ni àlejò wí. "Iṣẹ́ ọ̀gá kì í fara sin."

Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n dìde, wọ́n lọ. Mirvali dúró síbi tó wà. Nígbà tó ku ìwọ̀nba àwa ará ilé, ó sún mọ́ bàbá, kò fọ́nnu, kò gbé ohùn sókè.

"Bàbá, ṣebí èmi ni mo yà á."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni, Mirvali."

Ó pe orúkọ rẹ̀. Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àlejò ti lọ, kò sí ẹni tó gbọ́ ju èmi, Manzura àti ewúrẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà lọ.

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ pé ọkọ ọmọ yín ni?"

Bàbá Hamro wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọdé tí kò mọ̀wé. Ó na ife rẹ̀ sí i.

"Kí n sọ pé ọkọ ọmọ mi ló ya irú nǹkan báyìí? Ta ló máa gbà mí gbọ́? Wọ́n á ní mò ń fọ́nnu. Bu tíì."